Bí Wọ́n Ṣe Fi Oyè Gba Bọ́ọ̀lù Lẹ́sẹ̀ Ọkọ Mi

Iṣẹ́ méjì ni ọkọ mi, Hezekiah Láoyè, ṣe láyé. Èkínní ni iṣẹ́ rélùwéè. Láràárọ̀ ni yóò gbé òòlù àti sípánà lé èjìká, yóò máa tẹ̀ lé ojú irin láti Lálúpọn, yóò máa dè é níbi tó bá ti tú, títí yóò fi pàdé ẹni tó ń ti apá kejì bọ̀. Wọn yóò kí ara wọn, oníkálukú yóò sì padà síbi tó ti wá. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é. Bí èèyàn bá ṣírò ìrìn náà, á ti tó Kánò lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan jìnnà sílé ju máìlì mẹ́rin lọ.

Iṣẹ́ kejì ni pé òun ló ń gbá pẹnáritì fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Ìyẹn kò ní owó oṣù. Bí àlejò bá sì bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, èyí ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù, nítorí èmi náà kò mọ̀ ọ́n kí n tó délé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ta ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ nítòsí ilé tí gólì ń ṣọ́, rẹfirí á fọn fèrè. Wọn á gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú gólì, gbogbo èèyàn á sì yàgò. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò gbá a, gólì nìkan ni yóò sì dúró dè é. Àwọn méjì péré ló kù láyé lákòókò yẹn. Láti ọdún 1955 ni ọkọ mi ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gbá a. Ìka ńlá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ le bí èkùrọ́. Yóò gbé bọ́ọ̀lù náà, yóò yí ibi tí wọ́n ti fi okùn dì í sókè kí ó má baà ha á lẹ́sẹ̀, yóò sì fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò wo gólì lójú, yóò sì kí i. Yóò ní, "O kú ìdúró o."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ni àgbàlagbà yóò kí tí kò ní dáhùn? Bí gólì bá ti tẹrí ba tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí rẹfirí tó rí ibi tí ìwé òfin ti sọ pé èèyàn kò gbọdọ̀ kí ọmọnìkejì rẹ̀. Gólì ìlú Ẹgbẹ́dá kan pinnu lọ́dún kan pé òun kò ní dáhùn. Kò dáhùn lóòótọ́, ó sì mú bọ́ọ̀lù náà. Ìyá rẹ̀ ló wọ pápá tó bi í pé ṣé bí òun ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ náà dáhùn.

Báyìí ni nǹkan ṣe rí fún bí ọdún márùn-ún. Nígbà tó di 1960, àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gólì ní àwọn ìlú tó yí wa ká. Wọ́n ti kọ́ wọn níbẹ̀ pé ojú bọ́ọ̀lù ni kí wọ́n máa wò. Bí ọkọ mi bá kí wọn, ṣe ni wọn yóò máa wo bọ́ọ̀lù bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Lọ́dún yẹn, pẹnáritì kan bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di mẹ́ta.

Nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀. Kò lè sáré mọ́. Ọ̀gángán kan ní apá òsì pápá ni wọ́n ń fi í sí, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí títí wọn yóò fi pè é. Nígbà náà, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn kò lè jáde kí ẹlòmíràn wọlé. Nítorí náà, èèyàn mọ́kànlá ni àwọn ìlú mìíràn fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tiwa jẹ́ èèyàn mẹ́wàá àti pẹnáritì kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962, wọ́n gbé tíṣà tuntun kan wá sí ilé-ìwé ìjọ wa, Dàpọ̀ Akínwándé. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ó ní bàtà bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá bá wọn gbá a, wọ́n ní kó gbá pẹnáritì mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì wọlé. Nígbà tó kan ìkẹjọ, gólì wa jókòó.

Ọmọ tó mọ̀wàá hù ni. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Lẹ́yìn wa ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì fìgbà kan kọjá ọkọ mi láìdọ̀bálẹ̀. Ká ní aláfojúdi ni, à bá ti rí ohun tí a ó fi bú u.

Oṣù Keje ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ wá sílé wa. Mọ́rúfù tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà ni alága wọn. Ó mú èèyàn méjì dání tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa mi orí lọ. Wọ́n kí wa kú òjò. Wọ́n kí wa kú iṣẹ́ oko. Wọ́n béèrè bóyá ọkọ̀ ojú irin ti ìdájí ṣì ń pẹ́. Mo gbé àsáró síwájú wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì dìde. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Mọ́rúfù rọra bi mí bóyá ọkọ mi ti gbọ́ ohun tí àwọn bá wá.

Mo ní wọn kò sọ nǹkan kan.

Ó ní, "Ìyá Motúnráyọ̀, ẹni tó jù wá lọ ni. A ò lè là á mọ́lẹ̀."

Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n wá, ó jọ pé wọ́n ti pinnu lójú ọ̀nà. Wọn kò tíì jókòó dáadáa tí Mọ́rúfù fi wúkọ́, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí ni."

Ọkọ mi ní, "Bọ́ọ̀lù ṣe wá jẹ́?"

Mọ́rúfù wò ó lójú. Àwọn méjì yòókù ń mi orí. Ó wá ní, "Ó ti gbó. A fẹ́ ra òmíràn."

Ọkọ mi gbà pẹ̀lú wọn pé ó ti gbó. Wọ́n ra òmíràn lọ́sẹ̀ náà. Bọ́ọ̀lù tó dára ni.

Ìgbà kẹta, èmi ni wọ́n wá bá. Mo ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ nígbà tí Mọ́rúfù pè mí sábẹ́ igi ọdán, tó ní kí n bá àwọn sọ ọ́ fún un. Ó ní Dàpọ̀ ni àwọn fẹ́ kó máa gbá pẹnáritì, orúkọ rẹ̀ ni àwọn sì fẹ́ kọ sínú ìwé ìdíje dípò ti ọkọ mi. Ó ní bí àwọn bá tún gbá a bí ti àtẹ̀yìnwá, wàláì, ìlú Olódò ni yóò gba ife ìdíje lọ́dún náà.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jọ ń sùn."

Mo ní, "Oorun la jọ ń sùn. A kì í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù níbẹ̀."

Ó bẹ̀ mí títí. Mo ní mo ti gbọ́. Òun gbà pé mo ti ṣèlérí. Èmi mọ̀ pé gbígbọ́ ni mo gbọ́.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ inú omi gbígbóná tó da iyọ̀ sí. Bó ṣe máa ń tọ́jú ìka ẹsẹ̀ náà nìyẹn. Ó ní ìka náà ti ń gba okun, pé yóò jí dáadáa kí ìdíje ife tó bẹ̀rẹ̀. Mo la ẹnu. Ó ní kí n bá òun bu omi gbígbóná sí i. Mo bu omi gbígbóná sí i.

Wọ́n dúró de èsì fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n ṣe ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà láìbínú rẹ̀. Wọ́n fi í joyè.

Wọ́n gbé obì wá, orógbó àti ìgò oyin kan, pẹ̀lú fìlà tí Mọ́rúfù fúnra rẹ̀ rán. Wọ́n ní nítorí gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ṣe láti 1955, gbogbo ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé kó di Bàbá Ẹgbẹ́. Wọn yóò máa gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Kò ní dúró nínú oòrùn mọ́. Kò sí ohun tí ẹgbẹ́ yóò ṣe láìjẹ́ pé ó mọ̀ sí i. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn amirí sunkún díẹ̀.

Ọkọ mi gba oyè náà. Inú Mọ́rúfù dùn, ó gbà pé ọkọ mi ti lóye pé ẹni tó jókòó sórí àga kì í tún gbá bọ́ọ̀lù. Inú ọkọ mi náà dùn, ó gbà pé wọ́n fi kún iṣẹ́ òun ni. Lójú tirẹ̀, bí wọ́n bá ti ń gbé oúnjẹ fún àgbà kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè, mélòó mélòó ni pẹnáritì. Èmi tí mo gbé omi fún wọn rí ojú àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mo kó ife omi, mo sì wọlé lọ.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Olúwa ṣe é, kò sí pẹnáritì kankan títí a fi bá ara wa ní àṣekágbá pẹ̀lú Olódò. Ọkọ mi ń lọ jókòó sórí àga rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó ń wo Dàpọ̀ tó ń fi pẹnáritì dánra wò, ó sì gbà pé ọmọ náà ń bá òun mú bọ́ọ̀lù gbóná ni. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ yẹn ń gbìyànjú. Bí mo bá dàgbà, òun ni n óò fà á lé lọ́wọ́." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà yẹn.

Sátidé kejì nínú oṣù Kọkànlá ni àṣekágbá náà bọ́ sí. Láàárọ̀, mo rí ọkọ mi tó wọ ṣòkòtò péńpé dúdú àti ẹ̀wù tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì wá wọ agbádá lé e lórí. Ó de fìlà oyè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ. Ó bi mí bí aṣọ náà ṣe rí. Mo ní ó dára.

Pápá ilé-ìwé ìjọ wa kún lọ́jọ́ náà. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni ìlú méjèèjì jẹ. Ó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí nígbà tí ará Olódò kan gbá ẹsẹ̀ ọmọ wa mọ́ bọ́ọ̀lù, nítòsí ilé wọn. Rẹfirí fọn fèrè. Gbogbo èèyàn yàgò. Dàpọ̀ gbé bọ́ọ̀lù.

Ọkọ mi dìde lórí àga. Ó bọ́ agbádá, ó gbé e fún Mọ́rúfù. Mọ́rúfù kéré sí i lọ́jọ́ orí, nítorí náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á kó tó rántí ohun tó ń gbà. Ọkọ mi tú bàtà, ó wọ pápá.

Nígbà tí Dàpọ̀ rí i, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn.

Ọmọ Ìbàdàn ni rẹfirí, ó wọ funfun látòkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ gbá a."

Rẹfirí yọ ìwé kan nínú àpò. "Orúkọ yín, sà?"

"Hezekiah Láoyè. Bàbá Ẹgbẹ́."

"Kò sí níbí, sà."

"Wò ó dáadáa. Ó lè wà lókè pátápátá."

"Mo ti wo òkè, sà."

Rẹfirí kọjú sí Dàpọ̀, ó ní kó dìde kó wá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Dàpọ̀ dáhùn láti ilẹ̀ pé, "Wọn ò tíì ní kí n dìde, sà."

"Èmi ni mo ní kí o dìde."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, sà."

Rẹfirí wo aago. Ó ní bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá tí wọn kò gbá bọ́ọ̀lù náà, òun yóò gbé ife fún Olódò. Balógun àwọn agbábọ́ọ̀lù Olódò sọ fún un pé kó ní sùúrù, pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Gólì wọn ṣí fìlà.

Ọkọ mi yíjú wo Mọ́rúfù. Mọ́rúfù ti ká agbádá náà, ó ká a dáadáa, gígùn pẹ̀lú gígùn, bí ẹni tó fẹ́ fi í lé oníbàárà lọ́wọ́, kò sì gbé ojú sókè kúrò lára rẹ̀. Ọkọ mi wo àwọn amirí méjì. Wọ́n ti dẹ́kun mímì. Lẹ́yìn náà ló wá mi kiri láàárín àwọn obìnrin títí ó fi rí mi.

Mo wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti mọ̀. N kò ní láti gbójú sókè kí n tó mọ̀ pé ó ti mọ̀. Mo gbọ́ nígbà tó ní, "Dìde. Iyanrìn á ba ẹ̀wù rẹ jẹ́."

Dàpọ̀ dìde. Ọkọ mi gbé bọ́ọ̀lù náà, ó fi inú ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó gbé e kalẹ̀, ó yí ibi okùn sókè. Ó fẹnu sí ọmọ náà létí. Ohun tó sọ kò tètè dé etí mi. Ọjọ́ tí a sin ín ni Dàpọ̀ sọ ọ́ fún mi. Ọkọ mi ní, "Má wulẹ̀ kí gólì. Àwọn ti ìsìnyí kì í dáhùn. Apá òsì rẹ̀ ni kí o gbá a sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń tiro."

Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kúrò ní pápá, kò sì dúró. Mo wá ọ̀nà gba àárín èrò kọjá, mo tẹ̀ lé e. A ti dé ibi tí ọ̀nà ti ré ojú irin kọjá kí a tó gbọ́ ariwo ìlú. Láti bí ariwo náà ṣe pẹ́ tó, a mọ̀ pé ó wọlé.

Kò gba ojú ọ̀nà. Ó ń ti orí igi ojú irin kan bọ́ sí òmíràn bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú òkúta. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó yíjú sí mi.

"Ìwọ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ra bọ́ọ̀lù tuntun."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ìdè irin kan wò bóyá ó tú. Kò tú. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo ní, "Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní ríbi lọ mọ́ ní Sátidé."

Ó dúró lórí igi kan. Kò jọ ẹni tínú ń bí. Ó jọ ẹni tó ń ṣírò nǹkan. Ó ní, "Ẹnu rẹ ni ì bá ti dùn mọ́ mi láti gbọ́ ọ."

Mo ti ń wá èsì ìyẹn láti ọjọ́ náà.

Mọ́rúfù wá lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú agbádá tó ti lọ̀, ó sì tọrọ àforíjì títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n wulẹ̀ gbé àga òun wá sílé, nítorí yóò wúlò. Wọ́n gbé e wá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga náà lọ sí ìdí ààrò tí mo ti ń dín gàrí lẹ́yìn ilé. Mo rò pé ó wá wò mí ni. Ó gba igbá tí mo fi ń rò ó lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ gàrí í dín. Ó ń rò ó bí ẹni tó ń to òkúta sábẹ́ irin, níbì kan ṣoṣo, pẹ̀lú agbára, títí yóò fi pọ́n. Àwọn oníbàárà mi láti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó dé tí gàrí tí mo ń gbé wá fi ń jóná. Mo ní ẹ̀gẹ́ tuntun kan ni, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn kan sá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Láti Sátidé dé Sátidé, fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin, òun ni ó ń dín in, èmi ni mo sì ń yọ èyí tó dúdú jù kúrò bí ó bá yíjú sẹ́yìn. Ó máa ń bi mí bóyá ó dára. Mo ní ó dára.

Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1967. Ibà ló ṣe é fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Gàrí mi ti padà funfun báyìí. Àwọn tó sá lọ ti padà wá, wọ́n sì ń yìn mí.